Íǹṣì Kan Ló Dín

Ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ara mi le, iṣẹ́ ló kàn ń lé mi kiri. Orí tábìlì tí a ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ ìwé yìí, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ooru ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn, bébà sì ti ń rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ má bínú tí ẹ bá rí ibi tí yíǹkì ti tàn.

Káàdì ilé ìwé ọmọ tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Màmá, mo kà á, mo tún un kà, mo yí i sẹ́yìn bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ èyí tó dáa sí. Ìṣirò, mẹ́ta nínú ogún! Ọmọ tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè títí orí á fi máa fọ́ni, ọmọ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníbéèrè, òun ló gba mẹ́ta. Ohun tí mo bá lẹ́yìn káàdì náà ni ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí mi: "Màmi, ìṣirò ò fẹ́ràn mi, èmi náà ò sì fẹ́ràn rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti ilé ìwé dé, inú ṣọ́ọ̀bù yín ló ń jókòó sí, àjákù aṣọ ló ń fi ṣeré. Mo fẹ́ kí ẹ wá tíṣà tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé. Ìdánwò kan ń bọ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá. Bí kò bá gba méjìlá nínú ogún nínú ìyẹn, mo ti rí ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń fojú tó wọn tọ̀sán-tòru. Fọ́ọ̀mù wọn wà lọ́wọ́ mi. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni ọmọ yóò wọlé síbẹ̀.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ yín. Mi ò kàn fẹ́ kí ọjọ́ ọ̀la rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Ọmọ yín tó jìnnà


Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Ìyá Oníbéèrè, ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o. Aṣọ aláìsàn tí o ń ká yẹn, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí ọ lórí irú rẹ̀.

Ìwé rẹ bà mí nínú jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà ni mo bínú. Nígbà tí mo bínú tán, ọgbọ́n dé! Tíṣà wo ni kí n wá? Èmi tí mo ti ń wọn aṣọ, tí mò ń gé e, tí mò ń pín in kí o tó mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ yàtọ̀ sí tòsì, kí ni wọ́n ń pè ní ìṣirò tí mi ò tíì fi ọwọ́ mi ṣe? Tábìlì ìgéṣọ mi yìí, tó bá lẹ́nu ni, ẹjọ́ ìwọ gan-an ni ì bá kọ́kọ́ rò.

Gbọ́ ohun tí a ti ṣe. Mo da bọ́tìnnì sílẹ̀ sórí tábìlì, mo ní, "Oníbéèrè, ṣẹ́ẹ̀tì kan ń gba bọ́tìnnì méje. Oníbàárà kó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà wá. Bọ́tìnnì mélòó ni kí n wá?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n ní méje-méje. Nígbà tó dé ìlà kẹrin, ó pariwo débi tí mo fi gún ara mi lábẹ́rẹ́: "Màmá àgbà! Ìlọ́po méje nìyí! Èyí tí à ń kọ lórin ní kíláàsì! Ṣé ohun tó jẹ́ náà nìyí?" Mo ní òun náà ni. Ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Lọ́jọ́ kejì mo ka ogún bọ́tìnnì, mo ní kó yọ ọ̀kan, kó sọ iye tó kù. Ó ní mọ́kàndínlógún. Mo ní, "Tún un pè, kí o gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń sọ." Ó pè é díẹ̀díẹ̀, ó ní ọ̀kan, ó dín, nínú ogún. Ha! O ò rí ojú ọmọ! Ó tún yọ ọ̀kan, ó ní méjìdínlógún, ó tún yọ ọ̀kan, mẹ́tàdínlógún. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé orúkọ yẹn ti bá wa ṣe ìṣirò náà tán ni?" Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan ló ń dín nínú ilé yìí. Lánàá, ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan sọnù, ó ní bàtà òun jẹ́ méjì, ó dín ọ̀kan.

A tún ti ká aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìdajì. A ká a lẹ́ẹ̀kejì, ó di ìdá mẹ́rin. Ó gé e fúnra rẹ̀, ó tò ó padà, ó ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti padà di odindi. A fi ṣọ́ọ̀kì ya àdúgbò wa sórí tábìlì, bọ́tìnnì ni ilé, okùn ni ọ̀nà, ìyẹn fún ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ìlú. Ẹ̀wà kan wà lójú fèrèsé báyìí nínú àjákù aṣọ tútù, ó ti hù! Mo fa téèpù mi lé e lọ́wọ́, Kòlórí tí o mọ̀ yẹn, kó máa fi wọn bó ṣe ń ga lójoojúmọ́. Orí mi ń wú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè dàgbà tó báyìí kó tún máa sáré wálé nítorí ẹ̀wà kan.

Fi fọ́ọ̀mù yẹn pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìyá rẹ

Màmi, èmi ni. Ẹ̀wà mi ga ju ti àná lọ. Kí ló dé tí orí ewé ń wo fèrèsé?


Ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka ìwé yín, mo sì fẹ́ bi yín léèrè kan. Ta ni mo fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún, ìyá mi ni tàbí ọ̀gá aránṣọ? Ẹ ní ó ti ń gé aṣọ! Sísọ́ọ̀sì ńlá yẹn ni ẹ fún un? Mo ní kí ẹ wá tíṣà, ẹ gba ọmọ iṣẹ́! Inú ooru ni mo wà níbí látàárọ̀ kí ọmọ yẹn má baà máa fi abẹ́rẹ́ gún ìka bíi tèmi, ẹ sì ti gbé e jókòó sídìí iṣẹ́.

Ẹ má bínú. Mo ti jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó kọ ìyókù. Obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìlọṣọ ní kí n ka ìwé yín fún òun, ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ bàtà. Ó ní iṣẹ́ kọ́ ni wọ́n fún ọmọ yẹn ṣe, ẹ̀kọ́ ni. Ó ní òun náà ń fi omi àti kọ́ọ̀bù kọ́ àwọn ọmọ òun. Mi ò tíì gbà tán o. Ẹ fi hàn mí. Kí Oníbéèrè wọn ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́, kó kọ ọ́ ránṣẹ́. A ní ẹ̀rọ kan níbí tí a fi ń rán aṣọ tó bá ya, ọ̀gá wa sì ti gbà kí n lò ó lẹ́yìn iṣẹ́. N ó rán aṣọ fún un, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n wọ̀n.

Ẹ sọ fún un pé ewé ń wá ìmọ́lẹ̀ ni.

Ọmọ yín


Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹwàá

Ìyá Oníbéèrè,

Olórí kunkun! O kú ìbínú o. Sísọ́ọ̀sì kékeré ni mo fún un, èyí tí kò lè gé bọ́tà. Bá mi kí obìnrin ìdí ẹ̀rọ yẹn, ó ní làákàyè ju ìwọ lọ.

Ó wọn ara rẹ̀ o! Mo jókòó, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ti wò mí títí níbi tí mo ti ń wọn àwọn oníbàárà, kódà ó ń na téèpù bí mo ṣe ń nà án, ó ń fi ìka kejì di ẹnu téèpù mú. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìwé tirẹ̀ nìyí, mi ò fọwọ́ kàn án:

"Màmi, èjìká mi mẹ́tàlá. Àyà mi mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ni pé ó dín mẹ́ta kó pé ọgbọ̀n. Gígùn síkẹ́ẹ̀tì mi ogún, kò dín nǹkan kan. Mo fẹ́ àpò méjì, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan fún nǹkan tí mi ò tíì mọ̀. Ìṣirò ti ń fẹ́ràn mi díẹ̀díẹ̀."

Ṣé o gbọ́? Ìdánwò ku oṣù kan. Ẹ̀rù ò bà mí rárá.

Ìyá rẹ


Ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá

Màmá mi àti Oníbéèrè mi,

Ẹ gbà o, aṣọ nìyí! Ó ní àpò méjì. Mo gé e gẹ́lẹ́ bí ọmọ ṣe kọ ọ́, mi ò fi ìdajì íǹṣì kún un, mi ò sì yọ ọ́. Gbogbo wa la yí ẹ̀rọ náà ká. Nígbà tí mo ka "ó dín mẹ́ta kó pé ọgbọ̀n" sókè, ọ̀gá wa alára rẹ́rìn-ín, ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí.

Màmá, mo tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí. Ọmọ tó lè kọ irú ìwé yìí kò ní fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ tí èsì bá jáde, kó wọ aṣọ yìí lọ síléèwé. Mo ń ka ọjọ́.

Èmi ni, tayọ̀tayọ̀


Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

O kú iṣẹ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yí ọ po. Mẹ́wàá ló gbà nínú ogún. Méjìlá ni o ní kó gbà.

Mo fi ìwé ìdánwò náà sínú àpòòwé yìí kí o lè fojú ara rẹ rí i. Ìlọ́po àti ìdá, ìbéèrè mẹ́wàá, ó gba gbogbo rẹ̀! Ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó kù, ìlà ni wọ́n yà, wọ́n ní kó fi rúlà wọn gígùn rẹ̀. Kò gba ẹyọ kan. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ lára ẹ̀wà, ohun tó mọ̀ jù, òun ló gbòdo sí. Ó sunkún títí ó fi sùn lọ sórí àjákù aṣọ, ó ní ìṣirò tan òun jẹ. Tíṣà rẹ̀ ní òun náà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó wọ aṣọ rẹ lọ síléèwé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀. Níbẹ̀ náà, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá ọ rò. Èjìká rẹ̀ ń já bọ́, ìbàdí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, síkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún. Ṣé o ti gbàgbé bí a ṣe ń gé aṣọ ni? Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ọ o! Ó kọ̀ kí n tún un ṣe. Ó ní bí Màmi ṣe rán an nìyẹn.

O sọ pé kí n wá tíṣà, mo ní èmi tó bẹ́ẹ̀. Bóyá mi ò tó. Mo ti fọ aṣọ rẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sápótí díẹ̀díẹ̀. Tí o bá fẹ́ fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, mi ò ní jà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ni pé kí wọ́n jẹ́ kó gbé ẹ̀wà rẹ̀ dání.

Ìyá rẹ


Ilé ìfọṣọ,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejìlá

Màmá! Màmá! Màmá!

Ẹ tú àpótí yẹn! Ẹ tú u kí ẹ tó ka ìyókù!

Ìwé yín dé láàárọ̀ yìí. Mo tẹ́ ìwé ìdánwò sórí tábìlì, omi ń dà lójú mi. Mo ní kí n wo ibi tí ọmọ ti ṣì í. Ìlà àkọ́kọ́, tíṣà ní mẹ́fà, ọmọ ní méje. Ìlà kejì, mẹ́ta, ọmọ ní mẹ́rin. Ìkẹta, mẹ́sàn-án, ọmọ ní mẹ́wàá. Mo ní, háà, kí lèyí? Mo wò ó dé ìsàlẹ̀. Màmá, ọ̀kan-ọ̀kan ló fi lé gbogbo rẹ̀! Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á ṣì í síhìn-ín, á ṣì í sọ́hùn-ún. Ta ló ń ṣì í bákan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá?

Aṣọ wá sọ sí mi lọ́kàn. Èjìká, àyà, síkẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ló tóbi. Ogún tí Oníbéèrè kọ yẹn, mọ́kàndínlógún ni! Mo pariwo. Obìnrin ìdí ẹ̀rọ rò pé iná ti jó mi lọ́wọ́, ó sáré pa ẹ̀rọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣáá: "Kòlórí! Kòlórí ni!"

Màmá, íǹṣì àkọ́kọ́ kò sí lára téèpù yín. Orí ọ̀kan ni ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ bá sì kà á délẹ̀, ẹ ó yọ ọ̀kan nínú ọkàn yín kí ẹ tó pe iye rẹ̀. Ẹ ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ, ọwọ́ yín ò tiẹ̀ bi yín mọ́. Ọmọ rí ọwọ́ yín. Kò rí inú yín. Ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kódà lórí rúlà tó ní òdo! Ẹ̀kọ́ yín wọ̀ ọ́ lára ni, Màmá, ẹ kọ́ ọ dáadáa jù!

Ẹ gbé Kòlórí lọ bá tíṣà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wọlé. Ẹ fi hàn án. Fọ́ọ̀mù ti ya o, mo ti ya á sí ìdá mẹ́rin, ẹ sọ fún Oníbéèrè pé kò ní padà di odindi mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó sì ń tì mí lójú. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ béèrè ẹni tó gé orí téèpù, tí mo ní eku ni? Kì í ṣe eku. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ọmọláńgidi mi tí kò ju ìka ọwọ́ lọ fẹ́ ìgbànú, mo sì rí irin kékeré tó ń dán lórí téèpù yín. Oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gé e. Ẹ̀rù bà mí láti sọ, nígbà tó yá ojú ń tì mí láti sọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ẹ ti ń yọ ọ̀kan nítorí mi. Mo wá jókòó síbí, mò ń dá yín lẹ́bi pé ẹ ò mọ ọmọ kọ́. Ẹ dárí jì mí, ìyá mi.

Mo ti tọrọ ìsinmi. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Oṣù kẹrin ni mò ń bọ̀ wálé.

Ọmọ yín, eku tó lo sísọ́ọ̀sì


Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní

Eku mi ọ̀wọ́n,

O kú ewu ìjẹ́wọ́ o! Nígbà tí mo ka ìwé rẹ, mo mú Kòlórí, mo wọn ẹ̀wà, mo gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń yọ ọ̀kan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Oníbéèrè ní kí ló ń ṣe mí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó fò sókè níbi tó jókòó tì mí sí, ó fi orí gbá etí tábìlì: "Ìṣirò ò tàn mí jẹ! Ẹ̀yin lẹ tàn mí jẹ!" Òótọ́ ni.

Ọjọ́ tí wọ́n wọlé, a ti dé ẹnu ilẹ̀kùn tíṣà kí ó tó ṣí kọ́kọ́rọ́. Mo na Kòlórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà. Tíṣà wò ó, ó wo ọmọ, ó bo ẹnu. Ó ya ìlà mẹ́wàá mìíràn níbẹ̀, ó fún un ní rúlà. Oníbéèrè fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sórí òdo, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Tíṣà fi kún ti tẹ́lẹ̀, ogún nínú ogún ló kọ sára káàdì, wàá rí i nínú àpòòwé yìí. Ó tún ní òun fẹ́ kó gbogbo kíláàsì wá síbi tábìlì mi lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n! Mo ti ń wá bọ́tìnnì kiri àdúgbò.

Ní ti ọ̀rọ̀ eku. Ìyá Oníbéèrè, eku wo ló ń gé nǹkan gún régé báyẹn? Ọjọ́ kejì gan-an ni mo rí ìgbànú yẹn lára ọmọláńgidi rẹ. Irin rẹ̀ ń dán, o sì rán an mọ́ ọn dáadáa, fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo ní n ó dúró kí o sọ fún mi. O ò sọ. Mo dúró títí, mo gbàgbé pé mò ń dúró. Nígbà tí o rìnrìn àjò, mo fẹ́ ra téèpù tuntun, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ibi tí o gé yẹn, ìwọ ni mò ń rántí. Mi ò bínú sí ọ rí lórí rẹ̀, kí o sinmi.

Ọmọláńgidi náà ti gbó dànù, àmọ́ mo tọ́jú ìgbànú rẹ̀. Wò ó nísàlẹ̀ àpòòwé. Ọmọ rẹ ló ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, mi ò mọ ìdí. Ó ní òun ló máa sọ ọ́.

Ìyá rẹ

Màmi, ẹ kú iṣẹ́. Màmá àgbà bi mí pé èèyàn mélòó la jẹ́ nílé wa. Mo ní mẹ́ta, ó dín ẹnì kan. Ẹ má fi íǹṣì yẹn ránṣẹ́ padà. Ẹ mú un bọ̀ fúnra yín. Mo ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́.